Oyin Tí Mo Gbé Wọ Ilé Ọtí ní Títì Ifẹ̀ Àtijọ́

Bí mo bá dàgbà débi tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò ní gbàgbé òjò àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe òjò ńlá. Òjò wínníwínní ni, irú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn jáde, tí kì í sì í jẹ́ kó fọkàn balẹ̀ jókòó sílé. Láti ìdájí ló ti ń kán sórí páànù wa ní abúlé, lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìkùukùu bo orí igi kòkó, mi ò rí ilé ìdáná mi láti ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Bọ̀dé, àbígbẹ̀yìn mi, ló bímọ nígboro, ó sì bí obìnrin. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni. Ọmọ márùn-ún ni mo bí, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bí, ọkùnrin ni wọ́n ń bí. Kí ìyá mi tó kú, ó sọ fún mi pé obìnrin àkọ́kọ́ tó bá ti ara mi jáde, kí n fi oríkì òun pè é: Àṣàkẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé oríkì yìí mọ́ra, tí mi ò rí ẹni fún. Ẹnu ìyá àgbà ni oríkì ọmọ ti ń jáde, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń sọ ọ́. Mo wá gbọ́ pé ìyá ìyàwó Bọ̀dé ti ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé láti ọjọ́ kẹta, àti pé bó bá ń wẹ ọmọ, Àdùkẹ́ ló ń pè é. Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Bí mi ò bá tètè débẹ̀, Àdùkẹ́ lọmọ máa jẹ́ títí ayé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ni Bọ̀dé pè mí.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n wá pàdé yín ní Adégbayì."

"Kí lo fẹ́ pàdé mi ṣe?"

"Kí n lè mú yín dé ṣọ́ọ̀ṣì. Títì Ifẹ̀ àtijọ́ náà ni, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ti…"

"Bọ̀dé, títì Ifẹ̀ àtijọ́ lo fẹ́ júwe fún mi? Èmi tí mo fi ẹja díndín tọ́ ẹ̀yin márààrún lójú títì yẹn? Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti sọ ìwọ gan-an lórúkọ?"

Mo pa fóònù. Ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu ọmọ náà, òun gan-an ni mo nílò.

Ẹ má bá mi wí. Láyé ìgbà tí mo ń gbé ibẹ̀, mo mọ títì yẹn bí mo ṣe mọ inú ìkòkò ọbẹ̀ mi. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ igi ọdán, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lẹ máa kọ́kọ́ rí, ọkùnrin kan tó máa ń há abẹ́rẹ́ sẹ́nu tó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ló tẹ̀ lé e. Bí inú bá ń bí i, kò ní tà fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá Fọ́tò, tó máa ń ki orí bọ aṣọ dúdú, táá ní kẹ́ ẹ má mí. Ìgbà tẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀ lẹ máa rí ilé ọtí bàbá Ìjẹ̀ṣà kan, tó ní fèrèsé aláwọ̀ ewé. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tiwa wà ní òdìkejì títì, onílẹ̀kùn aláwọ̀ aró. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń gbé àwo ẹja mi sí. Àwọn ọ̀mùtí ń sọdá wá ra ẹja kí ọtí lè dùn lẹ́nu wọn, àwọn aláàdúrà ń rà á kí wọ́n lè fi ṣínu ààwẹ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí baba Bọ̀dé kú ni mo padà sóko, ó sì ti lé lógún ọdún.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló bá mi lọ. Èmi ni ìyàwó ilé, mi ò lè pe orúkọ rẹ̀, nítorí náà Eyínfúnjowó ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ báyìí, orúkọ náà ò kúrò. Òun náà ṣì ń pè mí ní ìyàwó, bí mo ṣe hewú tó yìí. Òrìṣà ìdílé lòun ń bọ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó sì ń wo ẹsẹ̀ mi. Láti ilé ni mo ti wọ sùtánà, ẹni tó bá sì wọ sùtánà nínú ìjọ wa kì í wọ bàtà.

"Ìyàwó, pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀ yìí? Ẹni tí ò ń sìn ò ríran ni?"

"Eyínfúnjowó, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Èmi ni mo ru ẹrù: iyọ̀, epo, àti oyin. Oyin oko wa ni, mo rọ ọ́ sínú ìgò ọtí pupa, mo fi ọ̀rá dí i lẹ́nu, mo sì fi òwú so ó. Bí gbogbo abúlé ṣe ń gbé oyin nìyẹn. Ta ló rí ìgò mìíràn? Bọ̀dé ti sọ fún ìjọ pé kí wọ́n má ra oyin, pé ti màmá òun ń bọ̀.

Ọ̀kadà gbé wa dé Ẹgbẹ́dá, a wọ mọ́tò. Awakọ̀ béèrè pé bọ́sítọ́ọ̀pù wo.

"Ìdí Ọdán."

"Màmá, kò sí Ìdí Ọdán lójú títì yìí o."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Ọgbọ̀n, mà."

"Ìdí Ọdán jù ẹ́ lọ."

Ọmọlúàbí ni, ó ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Èmi náà ń yọjú lójú fèrèsé, mò ń wá igi ọdán. Wọ́n ti gé e. Ìgbà tí mo fi máa mọ̀ pé wọ́n ti gé e, a ti kọjá ibi tí à ń lọ jìnnà, a ní láti fẹsẹ̀ rìn padà. Ọ̀kadà kan sáré kọjá nínú kòtò omi, sùtánà mi sì di aṣọ ọdẹ. Mo rí ṣọ́ọ̀bù kan tó jọ ti aránṣọ, inú mi dùn, mo yọjú wọlé: "Ẹ kú iṣẹ́ aṣọ o!" Àwọn ọ̀dọ́ méjì gbójú sókè. Ọ̀kan mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ṣé fóònù yín ló bàjẹ́ ni?"

Eyínfúnjowó ń wò mí. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín sínú, pẹ̀lú eyín mẹ́rin yẹn.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ aró. Ara mi wálẹ̀. Pátákó kan wà lókè rẹ̀. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ó tán. Wọ́n to kéèsì ìgò gègèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo yíjú sí Eyínfúnjowó, mo ní, "Bọ̀dé mà ṣe é tóbi o." Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo fi iwájú orí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a sì wọlé.

Wọ́n to àga ní ìlà-ìlà, gbogbo rẹ̀ kọjú síwájú. Nǹkan ńlá kan wà níwájú tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Mo ní wọ́n ti tún pẹpẹ ṣe. Ọkùnrin bíi mẹ́rin jókòó káàkiri, wọ́n tẹrí ba. Mo ní wọ́n ń ṣe àṣàrò. Mo to ẹrù mi sórí tábìlì iwájú, mo sì dá orin ìyìn. Ẹ gbọ́, àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn gbè é! Ọ̀kan ń lu tábìlì, òmíràn ń fi ohùn kejì sí i. Mi ò gbọ́ irú ègbè bẹ́ẹ̀ rí nínú ìjọ wa.

"Ìyàwó," Eyínfúnjowó pè mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọrin."

"Ìyàwó, ohun tí bàbá yìí ń mu ń hó."

"Omi àdúrà ni."

Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó kó ìgò mẹ́ta dání. Ó rí mi, ó gbé àwọn ìgò náà sórí tábìlì mi, kó lè ráyè fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ẹ̀yin ìyá àdúrà, kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ tún ti dé, àbí? Lọ́jọ́sí, agogo lẹ wá ń lù sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Lónìí, ẹ wọlé. Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán wa. Ọmọ la wá sọ lórúkọ."

"Nínú ilé ọtí mi?"

Orin dúró. Bàbá arúgbó kan dìde láti ọwọ́ ẹ̀yìn, ó ń wò mí, ó dijú kan bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

"Ìyá Ẹlẹ́ja! Àbí ojú mi ni?"

Bàbá Fọ́tò ni. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó padà. "Ìyá Ẹlẹ́ja, ìjọ yín ti ra ilé ọtí bàbá Ìjẹ̀ṣà, torí pé ó fẹ̀ ju tibí lọ. Wọ́n wá ta tibí fún madam yìí. Ohun tí wọ́n faṣọ bò níwájú yẹn, tẹlifíṣọ̀n tá a fi ń wo bọ́ọ̀lù ni. Àwọn aláàdúrà sọdá sí ọ̀hún, àwọn ọlọ́tí sọdá síhìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò tíì mọ ibi tí màá sọdá sí."

Mo wo òdìkejì títì. Fèrèsé aláwọ̀ ewé ń wò mí. Agogo àdúrà ń dún níbẹ̀. Ohun tí Bọ̀dé fẹ́ sọ nìyẹn. Ìgbà náà gan-an ni fóònù mi dún, Bọ̀dé ni.

"Màmá, níbo lẹ wà? Wòlíì ti gbé ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n ti ń sọ orúkọ, ìyá ìyàwó mi sì ti dìde!"

"Mo wà ní òdìkejì."

"Òdìkejì kí ni?"

Mo tún pa fóònù.

Eyínfúnjowó kó ẹrù, mo ká sùtánà mi sókè, Bàbá Fọ́tò sì bọ́ sáàárín títì, ó ń fi ife ọtí rẹ̀ dá mọ́tò dúró fún wa. Bí mo ṣe wọlé, ìyá ìyàwó ti la ẹnu.

"Ó ku èmi!" mo ké.

Gbogbo ìjọ yíjú. Wọ́n wo ẹrọ̀fọ̀ ara mi. Wòlíì, èèyàn pẹ̀lẹ́, ní, "Ìyá àgbà, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin la ń retí. Ẹ mú oyin wá ká kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fọ́mọ." Eyínfúnjowó na ìgò sí i. Wòlíì tú òwú, ó fa ọ̀rá.

Pọ́ọ̀!

Ìfófó funfun ru jáde, ó bọ́ sí i lójú, ó bọ́ sí i ní irùngbọ̀n, ó ṣàn wá sára sùtánà rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Ẹmu ni! Ẹmu tí madam rọ sínú irú ìgò tèmi, tí òun náà fi ọ̀rá dí, táwa sì ti mì dáadáa bá a ṣe ń sáré sọdá.

"Ẹ̀yin ará oko," ni ìyá ìyàwó wí, "ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń sọmọ lórúkọ nìyí?"

"Ògún tiwa máa ń gbà á," ni Eyínfúnjowó dáhùn.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ojú ti Bọ̀dé. Mo mọ̀ pé Àṣàkẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, nítorí ta ló máa gba oríkì lẹ́nu ìyá tó fi ẹmu wẹ Wòlíì?

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Madam ni, ó ti fi gèlè borí, ó fọwọ́ méjèèjì gbé ìgò oyin mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó gbé ẹmu mi, oyin rẹ̀ nìyí." Àwọn tó ń ṣọ́nà na ọwọ́ dí i lọ́nà. Wòlíì nu irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ó wọlé. Ilé yìí mọ ọlọ́tí kó tó mọ̀ wá." Ẹ̀rín sọ láàárín ìjọ, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ó lá a, ó tún yọ ahọ́n wá a. Wòlíì wò mí. Mo sún mọ́ ọmọ, mo pè é: "Àṣàkẹ́." Ìyá ìyàwó wo ọmọ, ó wo ẹrọ̀fọ̀ ẹsẹ̀ mi títí dé orúnkún, ó mí kanlẹ̀. "Àṣàkẹ́ náà dáa," ló wí. "Ẹni tó bá tìtorí ọmọ rin irú ìrìn yìí, kó sọ ọ́."

Títí dòní, bí mo bá bu oyin, Eyínfúnjowó á ní, "Ìyàwó, kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀ ná." Mo máa ń gbóòórùn ẹ̀. Ẹni tó kúrò lójú ọ̀nà kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀nà jókòó dè é. Èyí tí mo sì rí kọ́ jù ni pé kéèyàn jẹ́ kọ́mọ parí ọ̀rọ̀. Bí mo bá rántí fóònù tí mo pa lẹ́ẹ̀mejì yẹn, èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín ara mi nídìí ààrò.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ bàtà. Mo gbé ìgò oyin kan fún madam, mo sì dá ìgò ẹmu rẹ̀ padà fún un. Mo wá ní kí Bàbá Fọ́tò dìde kó mú mi rin títì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka, mò ń béèrè: kí lèyí dà, kí lèyí ti jẹ́ rí. Ibi tí wọ́n ti ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ti di ilé oògùn. Ibi tí òun alára ti ń ya fọ́tò ti di ibi tí wọ́n ń ta taya. Kò dúró pẹ́ níwájú ibẹ̀. A ò tíì dé ìdajì nígbà tí fóònù mi dún.

"Màmá, wọ́n ní ẹ ò sí nílé. Níbo lẹ wà?"

"Títì Ifẹ̀ àtijọ́," mo ní. "Máa júwe, Bọ̀dé. Mò ń gbọ́."