Agbádá Funfun Olóyè Títù

Bí ẹ bá ń ti Ìkìrun bọ̀ ní Inísà, tí ẹ sì rí ojú ọkùnrin kan tó tóbi ju òrùlé lọ, ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe iwin. Olóyè Títù Ọlánípẹ̀kun ni, lórí pátákó ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ẹyin kan lọ́wọ́ bí ẹni pé òun ló yé e. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: BABA ÌLỌSÍWÁJÚ, A-BỌ́-ADÌẸ-BỌ́-ÈÈYÀN.

Ta ló fi í joyè Baba Ìlọsíwájú? Ẹgbẹ́ kan ni. Ẹgbẹ́ ọ̀hún kò ju èèyàn méje lọ, òun ni alága wọn, òun náà ló sì se ìrẹsì ọjọ́ ìwúyè.

Láràárọ̀ ni Olóyè máa ń gbé àga sí òdìkejì títì, kó lè máa wo àwọn tó ń wo pátákó. Bí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Òkukù bá dẹ̀rọ̀ díẹ̀ níwájú rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kòtò ló ń mú dẹ́rẹ́bà dẹ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

Ẹ̀yìn pátákó yìí ni ilé iṣẹ́ wà. Orí ẹja gbígbẹ àti egungun màlúù ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀, wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ adìẹ. Bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀, eruku á gba ojú ọ̀run, òórùn á sì tẹ̀ lé e. Òórùn náà kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Á bá onílé jẹun, á bá wọn gbàdúrà, á sì bá wọn sùn.

Àárín ilé àwọn èèyàn ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Òfin ìjọba kò sì rúni lójú: ilé iṣẹ́ tó bá ń tú eruku, tó ń pariwo, tàbí tó ń rùn, kò gbọdọ̀ sí ní àdúgbò ibùgbé. Ìjọba ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú wọn lọ́nà Igbaye, wọ́n la títì síbẹ̀, wọ́n gbẹ́ kànga. Wọ́n fún Olóyè ní àyè tó fẹjú níbẹ̀. Ó yarí.

"Kí n lọ sínú igbó?" ó ní. "Ta ni yóò máa rí mi níbẹ̀? Ọ̀kẹ́rẹ́?"

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé iṣẹ́ náà àti ilé Mojíbọ́lá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Fikáyọ̀. Opó ni. Aṣọ funfun àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rán, inú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ fún un kó tó kú ló sì ti ń rán an. Lọ́dún tó kọjá, ìjọ kan dá aṣọ mọ́kànlá padà fún un, wọ́n ní àwọn ò lè máa yin Olúwa nínú òórùn ẹja. Obìnrin náà sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó nu ojú, ó lọ bá Olóyè.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́ sà, eruku yín ń ba aṣọ mi jẹ́."

"Ìyá Fikáyọ̀, ìyẹn ò le. Ẹ máa rán aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ètò ìlú. Èsì dé: òṣìṣẹ́ kan yóò wá ní Ọjọ́rú, láàárín ọ̀sán, láti fojú ara rẹ̀ wò ó. Bí kò bá rí eruku, tí kò gbọ́ ariwo, tí kò gbọ́ òórùn, Olóyè yóò gba ìwé àṣẹ, yóò sì dúró síbẹ̀ títí ayé. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí Ìyá Fikáyọ̀ palẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ nìyẹn, kó fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún orí ẹja.

Wọ́n fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí Olóyè, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Iná ò kúkú tíì dé sí Inísà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ ń sùn. Ó ní kí wọ́n fi ọṣẹ fọ gbogbo ọgbà. Wọ́n wọ́n lọ́fíńdà sára ògiri. Wọ́n lọ yá ìkòkò òdòdó mẹ́wàá, wọ́n tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà. Ó wá ní kí Tímótì wà nínú ilé iṣẹ́ ní Ọjọ́rú, kó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, kí àlejò má baà rí bí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí.

Tímótì yìí kì í ṣe ọmọdé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ sì nìyí. Òfin kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé, èyí tí Olóyè fọwọ́ ara rẹ̀ fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri inú: BÍ INÁ BÁ DÉ, LỌ̀ Ọ́. MÁ BÉÈRÈ. Àlejò tí kì í jókòó ni iná lọ́dọ̀ wa. Kí ẹni tó lọ gbàṣẹ tó padà dé, ó ti lọ. Nítorí náà, ẹnu ẹ̀rọ kì í ṣófo, a kì í sì í pa bọ́tìnì rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan wà tẹ́lẹ̀, Ayọ̀mikún, tó kọ́kọ́ lọ béèrè. Iná lọ, iṣẹ́ rẹ̀ bá iná lọ.

"Tímótì, o ò gbọdọ̀ jáde o, àfi tí mo bá pè ọ́."

"Mo ti gbọ́, sà."

Gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀, ká ní Olóyè lè pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́sàn-án, ẹni ńlá kì í sì í fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ gbohùngbohùn, ó fẹ́ fáànù, ó fẹ́ ohun mímu tó tutù nini. Bí ó bá tan jẹnẹrétọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba á gbọ́ ariwo. Ó ronú títí, ó gbé páálí ẹyin mẹ́rin, ó di Ìkìrun, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń pín iná.

"Ọjọ́rú, aago méjìlá géérégé. Wákàtí kan péré ni mo fẹ́."

"Ó ti bọ́ sí i, Baba Ìlọsíwájú."

Olóyè ń kọrin bọ̀ wálé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Ẹ ní sùúrù.

Ọjọ́rú pé. Wọ́n na kánópì, èrò dé láti Ìbà títí dé Òkukù. Wọ́n to fáànù mẹ́rin tí wọ́n háyà sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́, wọ́n kọjú gbogbo wọn sí tábìlì ọlọ́lá. Olóyè jáde nínú agbádá funfun báláú, ìlẹ̀kẹ̀ yí i lọ́rùn po. A-lọ̀-egungun-bí-ẹlúbọ́! A-fi-òórùn-kí-àlejò! Ọkọ pátákó! Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n rán wá ni Fọláfúnmi, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mú ìwé kékeré lọ́wọ́. Lójú Olóyè, ọmọdé ni.

"Ẹ kú ilé, sà. Ṣé ilé iṣẹ́ yín kì í tú eruku?"

"Eruku kẹ̀! Ọmọ mi, wo agbádá yìí. Ẹni tó ń bá eruku gbé á máa wọ funfun?"

"Òórùn ńkọ́, sà?"

"Òdòdó lo ń gbọ́ yẹn."

"Ariwo?"

"Ọmọ jòjòló ń sùn ti ẹ̀rọ mi."

Fọláfúnmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Ṣé ẹ lè fọwọ́ sí ohun tí ẹ sọ yìí?"

Kò sí ohun tí Olóyè fẹ́ràn tó kó fọwọ́ síwèé níwájú èrò. "Fi èyí kún un," ó ní. "Bí eruku kan ṣoṣo láti ilé iṣẹ́ mi bá bà lé agbádá yìí, kí wọ́n kó mi lọ sọ́nà Igbaye, tèmi ti pátákó mi!" Ó fọwọ́ sí i, ó lọ́ ọ, ó wé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ojú ìwé.

Ìyá Fikáyọ̀ dìde. Aṣọ akọrin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó rí i pé ilé ọkọ òun ti fẹ́ bọ́.

"Ẹ jókòó, màmá," ni Olóyè wí. "Ẹ jẹ́ kí iná dé ná, kí ẹ lè gbọ́ mi yékéyéké."

Aago lu méjìlá. Iná dé.

"Ó ti dé o!" ni gbogbo èrò pariwo. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Olóyè já gbohùngbohùn gbà, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mí kanlẹ̀! Kí ni ẹ gbọ́?"

Gbìììì!

Ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ ń gbọ̀n. Orí ẹja tó ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó ti rà, tó ti kẹ̀, di lílọ̀. Eruku gba ojú fèrèsé jáde, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó bọ́ sọ́wọ́ fáànù mẹ́rin. Fáànù kò mọ ẹni tó háyà wọn. Wọ́n fẹ́ gbogbo rẹ̀ pátá sí tábìlì ọlọ́lá. Tíṣà kan láti Òkukù sá lọ bì sínú ìkòkò òdòdó.

"Tímótì!" Olóyè ké sínú gbohùngbohùn. "Tímótì!"

Tímótì gbọ́ orúkọ rẹ̀ tó ń dún káàkiri àdúgbò. Ó rò pé wọ́n ń yìn ín ni, ó da apẹ̀rẹ̀ kan sí i. Nígbà tí igbe kò dáwọ́ dúró, ó ṣílẹ̀kùn jáde, kìkì eruku, ojú nìkan ló hàn.

"Ọ̀gá, ìṣẹ́jú kan ò ṣòfò! Mi ò sì béèrè!"

"Ta ní kí o lọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri."

Gbohùngbohùn gbé e dé ọjà. Olóyè yíjú sí èrò. "Ọ̀tá ni! Ta ló ní kí wọ́n mú iná wá?"

Ọkùnrin Ìkìrun tó wà ní ìlà kejì, tí wọ́n pè wá jẹun, fò dìde, ẹ̀rù ń bà á. "Ẹ̀yin náà ni! Ẹyin yẹn ò tíì tán nílé!"

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ, gbogbo ojú wà lára Olóyè. Láti fìlà dé bàtà, ó dà bí ẹja tí wọ́n ti yí ní ìyẹ̀fun, tó ku epo gbígbóná. Ìyá Fikáyọ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́, ó yọ aṣọ funfun inú ọ̀rá, ó nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbádá.

"Màdáámù, bí wọ́n ṣe ń sọ aṣọ mi dà nìyẹn, láti ọdún pípẹ́ wá." Ó wo Olóyè látòkè délẹ̀. "Olóyè, aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ yìí mà yẹ yín o."

Ẹ̀rín bẹ́. Tímótì alára rẹ́rìn-ín. Fọláfúnmi gbọn ìwé rẹ̀, ó ṣí ojú ewé tí Olóyè fọwọ́ sí.

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún, sà. Ọ̀nà Igbaye. Pátákó náà wà nínú ìwé yìí, ẹ̀yin lẹ ní kí n fi kún un."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ ó fọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, wọ́n tẹ́ Baba Ìlọsíwájú sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó dojú kọ ọ̀run, ẹyin rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Wọ́n gbé e la Inísà já, wọ́n gbé e kọjá Òkukù. Tọmọdé tàgbà ló tú síta, bọ́ọ̀sì dúró, kì í sì í ṣe nítorí kòtò. Ohun tí Olóyè ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá ni: gbogbo ayé wò ó.

Ìyá Fikáyọ̀ nìkan ni kò jáde. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ funfun mọ́kànlá sórí okùn.