Òfin Ààfin Òkè-Àgbàrá Lórí Ọta Àdàbà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gún iyán, kó gbé ọmọ odó kalẹ̀. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó dá ìjà náà dúró díẹ̀. Ẹ lè máa bá a lọ bí mo bá kọjá. Kábíyèsí Alágbàrá ti Òkè-Àgbàrá ló rán mi sí yín, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo ju agogo ọwọ́ mi lọ.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí!

Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Màmá Ìbídùn, ìyá tó bí Olorì Àṣàkẹ́, wà lálejò ní ààfin. Gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé kò sí oúnjẹ tí màmá náà fẹ́ràn tó ọbẹ̀ ẹyẹ ìgbẹ́. Kábíyèsí, gẹ́gẹ́ bí àna rere, rán Olúọdẹ Ògúnṣèyẹ pé kó lọ pa àdàbà wá. Olúọdẹ dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta katiríìjì, páálí tí wọ́n di ọta ìbọn sí. Ó rí i pé nọ́ńbà ni wọ́n kọ sára wọn. Ó ronú bí àgbà: àdàbà kéré, nítorí náà nọ́ńbà tó kéré jù ló yẹ ẹ́. Ó mú nọ́ńbà kìn-ín-ní! Ọta oníhóró ńlá tí à ń fi pa ọ̀yà! Ó wá sún mọ́ ẹyẹ náà títí tó fi kù díẹ̀ kí wọ́n kí ara wọn. Ó yìn ín.

Ohun tó dé iwájú Màmá ni ẹsẹ̀ àdàbà kan àti omi ọbẹ̀. Màmá ṣí àwo, ó wo àna rẹ̀, ó béèrè bóyá àdàbà ni wọ́n gbé fún òun ni, tàbí ìròyìn àdàbà.

Wọ́n tún un ṣe. Àparò ni lọ́tẹ̀ yìí. Ẹran wà lára àparò, ọta sì wà nínú ẹran. Màmá gé e jẹ. Eyín tó kù níwájú bá ọta lọ! Láti ìgbà náà ni Olorì Àṣàkẹ́ ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí. Ó ní bí oúnjẹ kẹta bá tún dójú ti ìyá òun, àwọn méjèèjì jọ ń padà sí Ìmọ́jọ, ìlú ìyá òun, ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ tí Olorì lọ kí ìyá rẹ̀. Ta ló kù láàfin tó lè sọ fún Kábíyèsí pé ó tó? Ṣebí ọ̀sẹ̀ náà ni Kábíyèsí ṣòfin pé kí ewúrẹ́ máa dọ̀bálẹ̀! Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wọn! Bí Olorì bá lọ pátápátá, a gbé.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ.

Èkíní. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni ti àdàbà. Hóró rẹ̀ rí wínníwínní bí ọkà jéró; ó pọ̀ nínú páálí, ó sì ń fọ́n ká. Ẹyẹ á já bọ́, ẹran á kù. Nọ́ńbà mẹ́fà ni ti àparò, nítorí àparò sanra jù ú lọ. Mo tún un wí: mẹ́jọ fún àdàbà, mẹ́fà fún àparò! Ẹni tó bá yin nọ́ńbà kìn-ín-ní fún àdàbà yóò lẹ ìyẹ́ ẹyẹ náà mọ́ra, yóò sì máa ké bí àdàbà ní oríta títí Kábíyèsí yóò fi rẹ́rìn-ín. Kábíyèsí kì í sì í tètè rẹ́rìn-ín.

Èkejì. Ní ti ọta, ẹ̀jọ kéré ju ení lọ. Ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́. Àwọn tó ń ṣe ọta ló kà á bẹ́ẹ̀, Kábíyèsí sì ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé ìṣirò yìí wọ inú ilé! Fátóyìnbó ti Ìta-Ọ̀pẹ fún ìyàwó rẹ̀ ní iṣu kan, ó mú mẹ́jọ fún ara rẹ̀, ó ní ìpín ìyàwó òun ló pọ̀ jù. Ààfin ti bá a wí. Ìyàwó rẹ̀ náà ti bá a wí. Tìyàwó ló dùn ún jù.

Ẹ̀kẹta. Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ jìnnà díẹ̀ kí ẹ tó yìn ín. Ẹyẹ tí ọta bá bá lẹ́nu ìbọn, ìkòkò kò ní bá a.

Ẹ̀kẹrin. Ẹni tó pa ẹyẹ ni yóò fi ìka wá ọta inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò fi eyín ara rẹ̀ tọ́ ọ wò níwájú àwọn ìjòyè. Ẹni tí kò léyín, kó mú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó léyín dání.

Kí n tó kéde ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí n jíṣẹ́ Màmá fúnra rẹ̀. Wọ́n ka àwọn òfin wọ̀nyí sí i létí lówùúrọ̀ yìí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àna rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ mẹ́jọ, òun ti gbọ́ mẹ́fà, ṣùgbọ́n èrìgì lásán ló kù fún òun, òun kò sì ní fi í ta tẹ́tẹ́. Ìgbín ni kí wọ́n sè fún òun, nítorí láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, òun kò tíì gbọ́ pé ẹnìkan yìnbọn fún ìgbín. Bí ìgbín bá dé láìní ọta nínú, Olorì yóò tú àpótí. Kábíyèsí yọ̀! Ààfin yọ̀! Wọ́n rán Olúọdẹ.

Ẹ̀karùn-ún nìyí. Àwọn aya ọba rí Olúọdẹ tó gba ẹ̀yìn ààfin kọjá, ìbọn léjìká, katiríìjì nọ́ńbà mẹ́jọ lọ́wọ́, tó ń ṣàlàyé fún ara rẹ̀ pé ìgbín kò ní ìyẹ́. Nítorí náà: a kì í yìnbọn fún ìgbín! Mo tún un wí: a kì í yìnbọn fún ìgbín! Ọwọ́ ni à ń fi ṣa á! Kì í sá! Ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko, kó sáré lọ bá Olúọdẹ, kó sọ fún un pé...

Ẹ dákẹ́ ná.

Ẹ̀yin náà gbọ́ ìró ìbọn yẹn láti oko? Olorì náà ti gbọ́ ọ!

Ẹ̀yin tí ilé yín wà lọ́nà Ìmọ́jọ, ẹ jáde! Obìnrin kan ń bọ̀ wá bá yín, àpótí lórí, ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ dì mọ́ àpótí. Ẹ má jẹ́ kó kọjá odò!

Bí ọba ti wí ni mo wí. N kò bù kún un, n kò bù níbẹ̀. Ìyókù dọwọ́ ẹni tó bá lè sáré. Èmi náà ń bọ̀ lẹ́yìn yín.