Ewúrẹ́ Tí N Kò Jí

Bí ẹ bá rí ẹni tó lè pa ẹnu mọ́ nígbà tí ọmọlàkejì rẹ̀ bá ṣi arọ́pò orúkọ lò lédè Òyìnbó, ẹ bá mi kí i, nítorí èmi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Olúwadáre ni orúkọ mi. Èdè Òyìnbó ni mo fi ń jẹun. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Agbowó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oṣù lásán nìyẹn. Iṣẹ́ tí mo gbà pé Ọlọ́run tìtorí rẹ̀ dá mi ni pé kí n máa tún "I" àti "me", "he" àti "him" ṣe lẹ́nu ọmọ aráyé, ó dùn mọ́ wọn o, kò dùn mọ́ wọn o.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Dáre náà kì í wà ní Ìbàdàn kí pronoun ẹnikẹ́ni wọ́!

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, Safiyyah, wá bá mi lọ́jọ́ kan. "Sir, my grandmother, they are sick. I want to go home."

Mo ní, "Ìyá àgbà mélòó lo ní?"

"Ẹyọ kan ni, sà."

"Kí ló wá sọ wọ́n di 'they'?"

Ọmọ náà wò mí bí ìgbà tó ń wo ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. "Àgbà ni wọ́n, sà. Ṣé kí n máa pe ìyá àgbà ní 'she' bí ẹni pé a jọ ń ṣeré ni?"

Mo là á yé e títí aago ìjáde fi dún. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà nígbà tí mo rántí pé n kò tiẹ̀ béèrè ohun tó ń ṣe ìyá àgbà.

Èyí tó kó bá mi jù ni ti Bàbá Àyàntúndé. Ẹ̀gbọ́n bàbá Ọláníkẹ́ ni wọ́n, Ọláníkẹ́ yìí sì ni ọmọge tí mo fẹ́ fi ṣaya. Bàbá tirẹ̀ ti kú, torí náà Bàbá Àyàntúndé ni olórí ẹbí ní Ṣakí. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ wọn lọ́jọ́ kan kí wọ́n lè kí mi. Inú wọn dùn débi pé wọ́n fi èdè Òyìnbó dá mi lọ́lá.

"My son! Us is greeting you!"

Ọmọ tí orí rẹ̀ pé á ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, sà." Èmi ní, "'We are', sà. 'Us' kì í ṣíwájú níbẹ̀ yẹn."

Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí. Láti ọjọ́ náà, ará Ṣakí kankan kò mẹ́nu ba ìgbéyàwó mọ́.

Ọláníkẹ́ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó yá, ó ní ìyá òun ń bọ̀ n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Ìsinmi láti wá fi ojú ara wọn rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. "Dáre, ohun tí Màmá bá sọ, abẹ gé. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe lọ́jọ́ náà." Mo búra. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, nítorí n kò mọ ibi tí mo ti fẹ́ rí irú Ọláníkẹ́ mìíràn.

Ọjọ́ Ìsinmi yẹn gan-an ni ìjọ wa ní Baṣọ̀run gba àlejò. Ajíhìnrere Prosper ni, ará Gánà, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Díákónì Theophilus ló máa ń ṣe ògbufọ̀ fún wa, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì mọ̀. Bí oníwàásù bá ní, "I am happy," Díákónì á ní, "Ó ní inú òun dùn." Bó bá ní, "I am thirsty," Díákónì á ní, "Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun." Ó ní, ó ní, ó ní, títí ilẹ̀ á fi ṣú! Ńṣe ló ń dùn mí bí eyín.

Mo lọ bá pásítọ̀. "Sà, 'I' ni ọkùnrin náà ń wí. 'I' kì í ṣe 'ó'. 'Mo' ni! Ṣé ẹjọ́ la ń rò lórí pẹpẹ ni, tí a fi ń sọ pé ó ní, ó ní?"

Pásítọ̀ mí kanlẹ̀. Ẹnu mi ti sú wọn tipẹ́. Wọ́n ní kí n lọ ṣe ògbufọ̀ ọ̀hún.

Díákónì Theophilus kò bínú. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. "Arákùnrin Dáre, 'ó ní' yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe o." Mo rò pé ìlara ni.

Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, Arábìnrin Jésùlọlá tó ń bójú tó ẹ̀rọ sọ fún wa pé máìkì kan ṣoṣo ló ń dé sípíkà ìta, níbi tí àwọn tí kò ríbi jókòó wà lábẹ́ kánópì. Ó ní ká gbé e fún àlejò. Kí ló dé? Mo ní àwọn ará ìta kò gbọ́ Òyìnbó, ògbufọ̀ ni wọ́n nílò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ yẹn ló ń ṣe mí. Mo fẹ́ kí Màmá Ọláníkẹ́ ti máa gbọ́ ohùn mi láti títì ni. Bí mo ṣe já máìkì gbà nìyẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ dùn. "I greet you." "Mo kí yín!" Ajíhìnrere rìn lọ sọ́tùn-ún, mo tẹ̀ lé e. Ó wúkọ́, mo wúkọ́. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Àfi bí Ajíhìnrere ṣe dúró lójijì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí ìgbésí ayé rẹ̀.

"I was a thief."

Mo gbé ohùn sókè. "Mo jẹ́ olè!"

Ohùn náà dún padà láti ìta, ó sì ṣe mí bákan. Mo bojú wo ìlà iwájú. Díákónì Theophilus jókòó síbẹ̀, wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ní" ti dé ẹnu mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn! Mo gbé e mì.

"I stole my neighbour's goat."

"Mo jí ewúrẹ́ aládùúgbò mi!"

"I ate everything."

"Mo jẹ ẹ́ tán, n kò ṣẹ́ ìwo kù!"

"And when they were looking for it, I followed them to look for it."

"Mo tún bá wọn wá a! Mo sunkún ju ẹni tó ni ín lọ!" Ẹkún yẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo fi kún un, kó lè dùn.

Ajíhìnrere kúnlẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀, mo sì sun tèmi dáadáa. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi gba sípíkà kọjá. Kó tó balẹ̀, ó ti dé Akobo.

Bí ìsìn ṣe parí, wọ́n gbé Ajíhìnrere gba ẹ̀yìn jáde, nítorí ìjọ mìíràn ń retí rẹ̀ ní Challenge. Èmi gba iwájú jáde láti lọ gba oríyìn. Ìyá àgbàlagbà kan dìde lábẹ́ kánópì, wọ́n gbá mi lórí mú. "Ẹ̀mí olè, jáde!" Ẹlòmíràn rọra fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Bàbá kan tẹ ẹnu mọ́ mi létí. "Ìwọ nìkan lo jẹ ẹ́ ni?"

Kí n tó fèsì, mo rí Ọláníkẹ́, ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ Ṣakí ti pẹ́ kó tó já wọn sí Ṣàngó, nítorí náà abẹ́ kánópì ni wọ́n bá ara wọn. Ohùn kan ṣoṣo ni Màmá gbọ́, ohùn náà sì ni tèmi. Ọláníkẹ́ gbìyànjú láti ṣàlàyé, àmọ́ Màmá ní kó dákẹ́, kí òun gbọ́ bí wọ́n ṣe jẹ ewúrẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá ní kí n dìde.

"Mo kúrò nílé láti wá sọ pé rárá ni," wọ́n ní. "Wọ́n ní o gbéraga, pé o tún ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ àgbà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè gbá máìkì mú, kó ní 'mo jalè' lójú gbogbo ayé, kì í ṣe agbéraga. Ìwọ lo sọ ọ́, àbí ìwọ kọ́?"

Mo yanu. Gbogbo arọ́pò orúkọ tó wà láyé tò sórí ahọ́n mi: òun ni, kì í ṣe èmi! Ọláníkẹ́ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wojú rẹ̀. Ojú tó wú láti ìjọ́sí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni.

"Èmi ni, Mà," ni mo wí.

Màmá yíjú sí Díákónì Theophilus tó ń kọjá lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ohùn rẹ̀ lóòótọ́ nìyẹn?"

"Ohùn rẹ̀ ni, Mà," ni Díákónì wí. "Ó ní òun ló jí i."

Nígbà tí a lọ sí Ṣakí fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, mo rí i pé ìta agboolé wọn ṣófo jù. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ wà nílẹ̀, okùn wà lára igi, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kan kò sí níta. Igbe wọn ń wá láti inú yàrá, ilẹ̀kùn sì wà ní títì pa. Bàbá Àyàntúndé jókòó lórí àga, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ má bínú, àna wa," ni wọ́n wí. "A mọ̀ pé ẹ ti ronú pìwà dà. A kàn ní kí èṣù má dán yín wò ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wò mí tààrà lójú, wọ́n wá bọ́ sí Òyìnbó. "My son, us is trust you. But us is love our goat."

Gbogbo ilé ń wo ẹnu mi. Ọláníkẹ́ di ojú.

Mo dọ̀bálẹ̀ títí àyà mi fi kan ilẹ̀. "Yes, sir," ni mo wí. "Us is thank you, sir."

Ewúrẹ́ kan ké nínú yàrá, Bàbá sì gbá kọ́kọ́rọ́ mú dáadáa.