Iṣu Bàbá Mi Nínú Sẹ́là

Bó ti wù kí n pẹ́ láyé tó, ọjọ́ tí mo sá fún iṣu ní àdúgbò Old Trafford ní Manchester ò ní kúrò lọ́kàn mi. Iṣu, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ajá.

Ilé Màmá Títí, ìyá Ìjẹ̀bú kan tó ti pẹ́ ní Manchester, ni mo háyà yàrá sí nígbà yẹn. Sẹ́là wà lábẹ́ ilé náà, yàrá tútù tó ṣókùnkùn, níbi tí Màmá ń kó àpótí àti ìkòkò ńlá sí. Nígbà tí bàbá mi fi iṣu mẹ́ta rán ẹnìkan sí mi, ibẹ̀ ni mo tò wọ́n sí. Iṣu tí Bàbá wà kẹ́yìn nìyẹn kí orúnkún tó lé e kúrò lóko, ọkàn mi ò sì gbà kí n jẹ wọ́n. Bó bá pè, á ní, "Ṣé o ti jẹ iṣu yẹn?" Èmi á ní, "Mo tọ́jú wọn dáadáa, sà." Lẹ́yìn náà iṣẹ́ care, ìtọ́jú àwọn arúgbó, gbà mí lọ́kàn, mi ò yẹ̀ wọ́n wò mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Màmá ní kí n gbé ìkòkò wá láti sẹ́là. Gílóòbù ti jó. Mo tan iná fóònù, mo rí ọwọ́ funfun tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn, tó ti di búbá Màmá tó kọ́ síbẹ̀ mú lọ́rùn. Mo pariwo, mo fi ẹ̀yìn rìn, mo yọ̀, mo sì jókòó gbì sínú ìkòkò. Ìdí mi há. Mi ò kéré, ẹ jẹ́ n sòótọ́.

Màmá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú òróró àdúrà àti ìgbálẹ̀.

"Ẹ má wá o, Mà. Ọwọ́ ẹ̀ pọ̀."

Ó wo igun náà, ó wò mí nínú ìkòkò.

"Kí lo ní bàbá ẹ ń ṣe?"

"Àgbẹ̀ ni, Mà."

"O ò wá mọ iṣu tó hù?"

Ó fà mí yọ nínú ìkòkò. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo fọwọ́ kan àwọn iṣu náà, ẹkún dé. Méjì ti rà. Ọmọdé ilé wa mọ̀ pé wọ́n máa ń já ọ̀mùnú tó bá hù lára iṣu kó má bàa rà. Èmi rò pé èyí tó bá ti dé ìlú òyìnbó ti gbàgbé àsìkò.

Mo fi fídíò pe Bàbá, mo fi wọ́n hàn án. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Mo ní kí o jẹ ẹ́, o lọ sin ín."

A se ẹyọ tó kù, a fi epo jẹ ẹ́, Bàbá ń wò wá lórí fóònù, ó ń bi mí bóyá ó dùn. Ó dùn.

Bàbá ò sí mọ́. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá fi oúnjẹ ránṣẹ́, ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹ̀. Ìkòkò Màmá ṣì tẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Bí mo bá rí i, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ojú á sì tì mí díẹ̀.