Bí Fìjàbí Ṣe Dín Táímìn Kù ní Pápá Ẹdẹ

Ẹ yàgò lọ́nà fún Fìjàbí, ọmọ Akínwándé atúnrédíòṣe, tí rédíò tó ti yadi láti ọdún méje bá gbóòórùn rẹ̀ táá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn. Ọmọ-ọmọ Jọláadé tó gun kẹ̀kẹ́ láti Ẹdẹ dé Ìlọrin tí kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, erin tó ń lo awò ojú, ẹkùn tí ọkọ̀ rẹ̀ kò gùn ju apá lọ.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni akọni yìí ti ń fi rìmóòtù darí ọkọ̀ ìṣeré rẹ̀ nínú ìdíje àwọn àgbà, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì fi gbẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje náà ti wá sọ ọ́ gbangba pé bó bá tún gbẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí, àárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni yóò ti máa sáré. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Àpótí kékeré kan, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ló ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan táímìn: bó bá ṣe ga tó ni ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná tó. Fìjàbí, tí kì í ṣe nǹkan ní ìlàjì, a máa gbé e dé òkè téńté; kó tó yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, èéfín á ti sọ.

Láàárọ̀ ìdíje, Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà, ó sì yára fà á padà.

"Bàbá Tóyọ̀sí, èyí lè dín dòdò. Ẹ ò ṣe dín táímìn yẹn kù?"

"Wọ́n á ní ẹ̀rù ló bà mí."

"Ta ló máa wẹ̀yìn rí yín?"

Fìjàbí na ìka ìfábẹ̀lá, ìka tó ti fi ẹfun kọ ìṣirò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, ó tẹ bọ́tìnnì tíntìntín náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, táímìn sì wálẹ̀ láti ọgbọ̀n sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí ìgbà tí ọba ìlú mìíràn sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin.

Wọ́n ṣí eré. Gbogbo wọn fò kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìyípo kẹsàn-án, ọkọ̀ Adéṣínà, oníṣègùn eyín tó máa ń fi í rẹ́rìn-ín, rú èéfín lójijì, ó sì dákẹ́ sójú ọ̀nà. Ọkọ̀ Fìjàbí rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tútù bí omi àmù, títí ó fi dé òpin. Mosúnmọ́lá ń fò sókè, gèlè rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀.

Kí Ẹdẹ gbọ́, kí Òṣogbo gbọ́, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí Ìlọrin: nínú ọkọ̀ mẹ́jọ tó sáré lọ́jọ́ náà, Fìjàbí ọmọ Akínwándé ló ṣe ìkeje.