Ọjọ́ Tí Mo Pa Jíìnsì Ọmọ Mi Láró

Ọjọ́ kan wà tó jókòó sí mi lọ́kàn bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Bí mo bá ń jẹun, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá tẹ́ ẹní pé kí n kírun, Ọlọ́run má bínú, ó ti ṣáájú mi jókòó sórí ẹní. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí rẹ̀. Síbẹ̀, tí mo bá sọ ọ́ fún èèyàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, èmi náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà. Èmi ò mọ̀wé o, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi Faransé ṣe ọ̀ṣọ́ sí i.

Bouaké la wà, ní Ivory Coast. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi àti ọkọ mi, ṣùgbọ́n Bouaké la ti bí gbogbo ọmọ wa. Aṣọ ànkàrá ni mò ń tà lọ́jà. Ìdílé aláró ni wọ́n ti bí mi. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gún èlú.

Ọdún tí wọ́n gé owó séfà tí à ń ná sí méjì, ọjà dákẹ́. Aṣọ tí mo bá tẹ́ sórí tábìlì láàárọ̀, òun náà ni mò ń ká wálé nírọ̀lẹ́. Àwọn ìyá tó máa ń rajà lọ́wọ́ mi wá ń gbé aṣọ tó ti gbó wá bá mi, pé kí n bá àwọn pa á láró kó lè jọ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni mo tún gbé ìkòkò aró kalẹ̀ sẹ́yìn ilé, iṣẹ́ tí mo rò pé mo ti fi sílẹ̀ fún ìyá mi. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní tiwọn, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ṣì ń wá oge. Wọn ò fẹ́ ànkàrá mọ́, wọ́n ní aṣọ ìyá àgbà ni. Ṣòkòtò jíìnsì ni wọ́n ń fẹ́, pẹ̀lú báàgì tó bá a mu, kí orúkọ ẹni tó ṣe é sì wà lára ẹ̀ níbi tí gbogbo ayé á ti rí i, ìyẹn ní ìdí gan-an.

Ọmọ mi Sìdíkátù gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́. Télọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán jíìnsì àti yẹ̀rì àti báàgì, gbogbo ẹ̀ fún obìnrin. Ó ní kí wọ́n hun orúkọ sára aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí yóò máa rán mọ́ wọn. Mo bi í pé orúkọ wo ni.

Ó ní, "Amoin ni."

"Ta ni ń jẹ́ Amoin nínú ilé yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ, Màmá. Orúkọ àwọn Baoulé onílẹ̀ ni. Tí mo bá kọ Sìdíkátù síbẹ̀, ta ni yóò rà á?"

"Ìyá tó sọ ọ́ ní Sìdíkátù á rà á."

"Ẹ̀yin tí ẹ ò wọ ṣòkòtò."

Nígbà yẹn, lójoojúmọ́ ni rédíò ń sọ ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àlejò. Ẹni tẹ́ ẹ ti jọ ń bu oúnjẹ jẹ á wá bi ọ́ níbi tí wọ́n sin baba baba rẹ sí. Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Tẹ́lẹ̀, kò ju ìgbà tí wọ́n bá pe èèyàn ní ìyá aláṣọ lọ. Lásìkò yẹn, ó wá ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń lé adìẹ jáde nínú ilé.

Ẹ̀rù ń ba bàbá wọn. Ó ní lọ́rì àbúrò òun ń lọ sí Nàìjíríà lẹ́yìn Ìléyá, Sìdíkátù á sì bá a lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ọmọ náà ò dé rí, tó jẹ́ pé ẹnu èmi ló ti ń gbọ́ ọ. Ọmọ sunkún, kò jẹun. Bàbá rẹ̀ wá rọ̀ díẹ̀, nítorí obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oge ní Àbíjàn ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá fojú ara òun wo jíìnsì Amoin.

"Bí ó bá gba ọjà rẹ, o dúró," ni bàbá rẹ̀ wí. "Bí kò bá gbà á, o ń lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá lé ọmọ mi lójú mi."

Gbogbo ilé gbọ́ ọ, èmi náà gbọ́ ọ.

Sìdíkátù ní ọ̀rẹ́ kan ní àdúgbò Belleville tó ní àgbàlá ńlá àti omi ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ló ń lọ lójoojúmọ́ láti parí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la tí obìnrin Àbíjàn máa dé, ó gbé àpò ẹrù ńlá kan wálé láàárọ̀. "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa," ló wí, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Diabo, pé òun fẹ́ gba báàgì lọ́wọ́ oníṣẹ́ awọ tó ń bá òun fi awọ ṣe etí wọn.

Kí n tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Bó ṣe wí nìyẹn.

Mo tú àpò náà, kí ẹrù má baà rún ni. Ohun tí mo rí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Gbogbo ṣòkòtò ti ṣá. Itan funfun, orúnkún funfun, ìdí funfun, bí aṣọ tí alágbàfọ̀ gbàgbé sínú omi jáfẹ́ẹ̀lì tó ń ṣá aṣọ. Àwọn mìíràn ti ya lórúnkún, tí òwú wọn ń yọ ahọ́n. Mo ní àwọn ará Belleville ti pa ọmọ mi. Wọ́n ti mọ̀ pé Anago ni, wọ́n ti ba ẹrù rẹ̀ jẹ́. Mo sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà mo nu ojú, mo bi ara mi pé ṣé ọmọ aláró ni mí àbí n kì í ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oge, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra. Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé èèyàn á ra jáfẹ́ẹ̀lì, á wá òkúta, á fi ha aṣọ tuntun títí á fi gbó, á sì tún tà á wọ́n ju tuntun lọ? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí nǹkan ò ṣẹnuure fún ló ń wọ aṣọ tó ṣá.

Ìkòkò aró mi ti pọ́n dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo rì wọ́n bọ̀ ọ́, mo fà wọ́n yọ, mo sá wọn, mo tún rì wọ́n. Wọ́n wá dúdú débi pé agbe tó ni aró á jowú wọn. Aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun orúkọ sí náà mu aró yó, Amoin rì pátápátá. Kò dùn mí. Mo wá àjákù ànkàrá ẹlẹ́ja, mo fi lẹ ihò orúnkún wọn. Ṣùgbọ́n aṣọ tí kò dán, ìyá mi kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni. Mo se ẹ̀kọ gbágùúdá, mo rẹ wọ́n sínú ẹ̀. Oòrùn ọjọ́ náà ò ṣàánú ẹnikẹ́ni, kíá ló gbẹ wọ́n. Ni mo bá gbé wọn tọ àwọn ará Málì tó ń fi òòlù igi lu aṣọ gíní ní àgbàlá kejì.

Ọ̀gá wọn gbé ọ̀kan sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi Dioula, èdè ọjà wa, bi mí pé, "Ìyá, ṣé ṣòkòtò yìí ni kí n lù?"

"Lù ú."

"Irin síìpù ẹ̀ ń kọ́?"

"Òun náà. Lù ú pọ̀."

Ó wo ẹnì kejì rẹ̀. "Ọdún tó le ni," ló wí. "Iṣẹ́ tá a bá rí là ń lù."

Wọ́n lù wọ́n títí wọ́n fi ń kọ mànà. Nígbà tí mo kó wọn délé, wọn ò ṣeé ká. Mo tò wọ́n sí ìdúró lára ògiri yàrá, wọ́n sì dúró fúnra wọn, bí àwọn ọlọ́pàá tó ń dúró de ọ̀gá wọn. Inú mi dùn. Mo ń fojú inú wo bí Sìdíkátù ṣe máa kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Nírọ̀lẹ́ mo gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin Àbíjàn ló dé, kò dúró dọ̀la. Ó pàdé Sìdíkátù ní ibùdókọ̀ bí ìyẹn ṣe ń ti Diabo bọ̀, wọ́n sì jọ wá. Ṣòkòtò funfun ló wọ̀, ẹ̀wù funfun, dígí dúdú lójú, pẹ̀lú ọmọge gígùn kan tó máa ń bá a wọ ọjà wò. Ó ti gbé ọ̀kan nínú báàgì ọmọ mi kọ́ èjìká, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ológbò. Ẹ̀rín ni wọ́n bá wọlé.

Sìdíkátù rí àwọn ọlọ́pàá mi lára ògiri. Báàgì tó kó dání bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màmá," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, "kí lẹ ṣe?"

"Mo tún un ṣe ni. Wọ́n ti bà á jẹ́ fún ọ ní Belleville."

"Èmi ni mo bà á jẹ́, Màmá. Èmi fúnra mi."

Obìnrin Àbíjàn fi Faransé bèèrè nǹkan, Sìdíkátù sì dá a lóhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ní àrà tuntun ni. Obìnrin náà ní kí ọmọge rẹ̀ wọ ọ̀kan wò. Ẹsẹ̀ ń wọlé, aṣọ ń ké bí awọ gbígbẹ. Orúnkún kọ̀, kò tẹ̀. Ọmọ èèyàn ń rìn yíká yàrá bí ẹni tó gun igi méjì, ẹja ànkàrá mi ń wò wá lórúnkún rẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó, kò lè jókòó. A jọ fà á yọ ni, èmi lápá òsì, Sìdíkátù lápá ọ̀tún. Nígbà tó jáde, láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀ ló ti di aró. Ọmọge bú sẹ́kún.

Ìyàlẹ́nu mú obìnrin Àbíjàn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo kó aṣọ tútù lé láàárọ̀. Nígbà tó dìde, mo rí i, mo sáré lọ nù ún. Mo gbàgbé ọwọ́ tí mò ń lò. Gbogbo ìka mi jáde sídìí funfun náà, kedere. Mo wá fi Dioula bẹ̀ ẹ́ pé kó bọ́ ọ, kí n ri gbogbo ẹ̀ bọ aró, kó lè dọ́gba.

Ó wò mí, ó wo ìdí rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ìyá àgbà," ó fi Dioula sọ fún mi, "ìyá tèmi fi ayùn gé gìgísẹ̀ bàtà mi kúrò, ó ní kí n má baà ṣubú. Ẹ̀yin ìyá lẹ máa pa wá." Ó kọjú sí ọmọ mi. "Tún ṣòkòtò yẹn rán. Mo ti fẹ́ràn báàgì yìí, mo máa dúró dè ọ́."

Ẹ wo bí nǹkan ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dára. Ojú Sìdíkátù mọ́lẹ̀. Obìnrin náà tún gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ní, "Amoin, ọmọ ìlú wo ni ọ́? Mo fẹ́ máa sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ọmọ ilẹ̀ wa ló ṣe é."

"Languibonou," ni Sìdíkátù wí, ó dárúkọ ìlú àwọn Baoulé kan tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró.

Ayọ̀ ti kún inú mi. Ọmọ mi ò ní lọ mọ́. Mo fẹ́ kí obìnrin yìí mọ ẹni tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. "Languibonou kẹ̀?" ni mo wí. "A ò lẹ́nìkan níbẹ̀. Sìdíkátù lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ aláró ni. Èmi ni mo bí i."

Mo tún fi ọwọ́ aró náà lu àyà.

Obìnrin náà yọ dígí ojú rẹ̀. "Anago ni yín," ó wí.

"Tántí, Bouaké ni wọ́n bí mi sí," ni Sìdíkátù wí.

"Mo gbọ́. N ò ní nǹkan kan lòdì sí Anago, ìyá Anago kan ló pọ̀n mí dàgbà. Ṣùgbọ́n láyé tá a wà yìí, tí mo bá pe ọ̀kan yín ní ọmọ ilẹ̀ wa, ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n máa wá bá." Ó yọ báàgì kúrò léjìká, ó rọra gbé e sórí tábìlì bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. "Ọwọ́ rẹ dáa. Ọwọ́ rẹ dáa gan-an."

Ó lọ. Ìka mi ń bá a lọ nídìí rẹ̀ títí ó fi wọ ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí Sìdíkátù bínú sí mi. Kò bínú. Ó ń ṣa báàgì nílẹ̀. "Aró yẹn, mo ti fẹ́ bá a sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Languibonou nìyẹn," ló wí. "Ó ti fẹ́ gbà." Lẹ́yìn Ìléyá, ó wọ lọ́rì. Àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ sọ pé aṣọ iléèwé ló ń rán níbẹ̀, pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ ò tíì mọ ohun tí wọ́n máa pè é. Kò tíì padà wá. Kò sì sọ pé òun ò ní padà wá.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Kí a tó tún nǹkan ọmọ ẹni ṣe, kí a kọ́kọ́ bi í bóyá ó bàjẹ́. Èyí mo gbà, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ìyá tó bá ní ọmọ tó ń ṣoge. Ìyókù ni ò wọ̀ mí létí. Àwọn ẹbí ní aró kọ́ ló ba ọjà jẹ́, ẹnu mi ni, ká ní mo dákẹ́ ni. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́, màá fi obìnrin aláṣọ funfun yẹn sọ́kàn, màá ní kó tún bèèrè pé ọmọ ìlú wo ni, kí n lè dákẹ́. Á bèèrè. Màá dáhùn. Á sì gbé báàgì sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń pa mí, ẹ̀rín tó ń dun èèyàn níhà, títí ọmọ tó ń bá mi kọ̀wé á fi gbé kálàmù sókè pé, Ìyá àgbà, ṣé ẹkún lẹ ń sun ni? Mo ní ẹ̀rín ni. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rín ni.