Fóònù Aláìlókùn Olóyè Ọláògún

Lọ́dún tí ìjọba ológun ń lé gbogbo wa síta láti gbálẹ̀, bí ẹ bá dé Kémta ní Abẹ́òkúta tí ẹ kò rí Olóyè Josiah Ọláògún, ẹ ò tíì dé Kémta. Ẹ kò tilẹ̀ ní í wá a. Òun ni yóò wá yín. Bí ẹ bá ń gẹrun, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà onígbàjámọ̀ títí ẹ ó fi kí i. Bí ẹ bá ń sìnkú, yóò jókòó síwájú olókùú. Bí ẹ bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni, kò ní dáhùn. Bí ẹ bá sì pè é ní Olóyè, yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí ẹ lè tún un pè.

Oyè wo ló jẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Mo ti bi àwọn àgbà Kémta, wọ́n ní kí n lọ bi òun fúnra rẹ̀. Mo bi í, ó ní oyè náà ń bọ̀ lọ́nà. Ó ti ń bọ̀ lọ́nà láti ìgbà tí mo wà nílé-ìwé o. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn.

Àfi ìgbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, tó gbé tẹlifóònù tí kò lókùn wá fún un. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rẹ́rìn-ín. Lójú tiwa nígbà náà, ẹni tó ní tẹlifóònù olókùn gan-an ń fi aṣọ bò ó bí ọmọ tuntun. Ti Olóyè pín sí méjì: àpótí kan tí wọ́n so mọ́ wáyà nínú pálọ̀, àti èyí tí èèyàn lè mú lọ́wọ́ rìn káàkiri àgbàlá. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Beatrice, ìyàwó rẹ̀, yọ ìwé àlàyé jáde nínú páálí, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á.

"Bàbá Adébímpé, wọ́n ní bọ́tìnì kéékèèké kan wà lábẹ́ àpótí yìí. Wọ́n ní ká yí i sí nọ́ńbà àṣírí tiwa. Wọ́n tún ní ká ṣọ́ ohun tá a bá ń sọ, torí pé rédíò tó bá wà nítòsí lè máa gbé e."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó ṣe é ni."

"Ṣé wọ́n mọ̀ mí ni? Àwọn tí kò lajú ni wọ́n ń kọ̀wé fún. Mú un wá."

Ó gba ìwé náà, ó fi di àkàrà tó ń jẹ lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé Olóyè kò fẹ́ ààbò o. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́: òwe tó ń pa kiri nìyẹn. Ó pe wẹ́dà, ó ní kí ó fi irin ṣe àgò fún àpótí náà. Ó fi àgádágodo ńlá sí àgò. Ó fi àgádágodo kékeré sí ìdí èyí tó ń mú lọ́wọ́, kí ọmọ ọ̀dọ̀ má baà fi pe ará ilé rẹ̀. Ó ra ajá tó ń gbó èèyàn kó tó rí i. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n ri ọ̀pá irin kan mọ́lẹ̀, kí wọ́n so éríà fóònù náà mọ́ orí rẹ̀, kó ga ju gbogbo òrùlé àdúgbò lọ, kí ohùn òun lè rìn jìnnà. Ó ti gbogbo ilẹ̀kùn pa nítorí olè, ó wá gbé ẹnu ara rẹ̀ sókè ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe ń dúró lójú oòrùn wò ó, Baba Fóònù, A-rìn-sọ̀rọ̀-bí-aláàárù-tó-ń-jà-lọ́jà, tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú àgbàlá, tó ń kígbe "Ẹ̀lóò!" kí ó lè dá wa lójú.

Ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ ni ọgbà àwọn aláró wà. Ẹ fiyè sí ọgbà náà, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ìkòkò aró kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tí à ń gbé kiri. Wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ láti ayé àwọn ìyá wọn. Ẹni tó bá wú u ti fọ́ ọ nìyẹn. Omi wà nítòsí, àpáta sì wà tí wọ́n ń sá aṣọ lé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán ọmọ nílé-ìwé, kò síbòmíràn. Ilẹ̀ ìdílé Ọláògún ni, ṣùgbọ́n bàbá Olóyè ti búra níwájú gbogbo àdúgbò, kó tó kú, pé ẹnikẹ́ni nínú ọmọ òun ò gbọdọ̀ lé aláró kan kúrò níbẹ̀.

Ìyá Sàfúrátù ni olórí wọn. Ó ní rédíò kan tí okùn tó ń fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti já. Abẹ́rẹ́ náà wá dúró sí ìparí pátápátá, níbi tí ilé-iṣẹ́ rédíò kankan kò sí. Ariwo ṣàà ló kù tó ń ṣe, ìyá yìí a sì máa ṣí i sílẹ̀ bó bá ń rẹ aṣọ. Ó ní ó sàn ju òfófó Kíkẹ́lọmọ lọ. Kíkẹ́lọmọ ni aláró tó kéré jù nínú wọn, ẹnu rẹ̀ ló sì gùn jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ariwo ṣàà dákẹ́, ohùn èèyàn sì jáde.

"Olóyè ló ń sọ̀rọ̀. Olóyè wo kẹ̀? Olóyè mélòó ló wà ní Abẹ́òkúta?"

Kíkẹ́lọmọ ju aṣọ sílẹ̀. "Yé è! Wọ́n ti fi Olóyè sórí rédíò!"

Ẹ má bú wọn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nínú rédíò, ilé-iṣẹ́ rédíò ló gbà á láyè. Ta ni yóò rò pé láti ẹ̀yìn ògiri ló ti ń wá? Ìyá Sàfúrátù, tí kì í fi ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni dù ú, nu ọwọ́ aró nù, ó gba ẹnu géètì lọ kí i.

"Olóyè, ẹ kú oríire o. A ń gbọ́ ohùn yín lórí rédíò."

Bẹ́ẹ̀ ó ṣẹlẹ̀ pé Olóyè ti sanwó fún ilé-iṣẹ́ rédíò lọ́sẹ̀ yẹn pé kí wọ́n bá a kí ara rẹ̀ kú ọjọ́ ìbí. Ó rò pé ìyẹn ni Ìyá ń sọ, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé láti ní kí wọ́n tún un pè.

"Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ pe àwọn ará ilé yín kí wọ́n wá máa gbọ́."

"Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń sọ, ká máa gbọ́ ọ?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá! Kò sí ohun tí mò ń fi pamọ́ fún ará ìlú mi."

Ìyá dúpẹ́, ó sì jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Láti ọjọ́ náà, ọgbà àwọn aláró kún. Àwọn tó wá ra aṣọ kò lọ mọ́. Èmi náà gbé àpótí ìjókòó mi lọ, n kò ní purọ́. A gbọ́ bí Olóyè ṣe ń bẹ ẹni tó ni mọ́tò tó ń gùn pé kó jẹ́ kí òun lò ó di ọjọ́ Àìkú. A gbọ́ bó ṣe ń bẹ ẹnì kan ní Èkó pé kó fi dáì irun ránṣẹ́ kíákíá, funfun ti ń yọ. Ẹ̀rín pa wá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ni ń fọ́. Ti Olóyè ń balẹ̀ lójoojúmọ́, àwa là ń kó èèpo rẹ̀.

Ẹ̀rín náà dópin ní Ọjọ́rú kan. Alhaji Láwàlì ló pè é, oníṣòwò kan tó ń kó sìmẹ́ńtì láti ọ̀nà Ewékorò tà fún àwọn kọ́lékọ́lé. Ohùn àwọn méjèèjì mọ́ gaara nínú rédíò.

"Ilẹ̀ ti di tìẹ, Alhaji. Máa kó sìmẹ́ńtì rẹ bọ̀."

"Àwọn aláró ńkọ́? Bàbá rẹ búra fún wọn."

"Bàbá mi ló búra, èmi ò búra. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo lé wọn. Abíọ́nà, ìbátan mi ní Owódé, á wọ kákí wá lọ́jọ́ Ẹtì. Á ní wolé-wolé lòun. Á ní aró ń bí ẹ̀fọn, kí wọ́n kó ìkòkò wọn kúrò kíá. Èmi á jáde, màá bẹ̀ ẹ́, á kọ̀. Màá fóònù Kọmíṣọ́nnà níṣojú wọn, màá ní òun náà kọ̀. Màá wá sunkún."

"O máa sunkún?"

"Ẹkún ò wọ́n mi. Wọ́n á kẹ́rù wọn lọ, wọ́n á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí. Nínú ọgbà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Sàfúrátù dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nínú aró, ó ń wo ìkòkò tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fo ògiri lọ bá a. Kíkẹ́lọmọ ti mú ọmọ odó.

"Ẹ jókòó," ni Ìyá Sàfúrátù wí. "Bá a bá lọ bá a lónìí, á ní a purọ́ mọ́ òun, á sì wá ọgbọ́n mìíràn. Ẹ jẹ́ kó wá ṣe eré rẹ̀ fún wa. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ẹ jẹ́ ká wo bí èyí á ṣe pamọ́."

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo Kémta ló ní aṣọ tó fẹ́ rẹ. Abíọ́nà dé nínú kákí tó fún un bí awọ ìlù. Ó wúkọ́.

"Èmi ni wolé-wolé. Ìjọba ló rán mi. Mo ti yẹ ibí wò, mo sì rí i pé aró yìí..."

"Ń bí ẹ̀fọn!" ni gbogbo obìnrin náà dá a lóhùn.

Abíọ́nà wò wọ́n. "Ẹ̀... bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ kó ìkòkò yín..."

"Kúrò kíá!"

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lójú rẹ̀. Kíkẹ́lọmọ fà á lápá. "Ẹ sún síhìn-ín díẹ̀, ọ̀gá, kí Olóyè lè rí yín dáadáa tó bá ń bẹ̀ yín. Ẹ má gbàgbé pé ẹ máa kọ̀ o."

Olóyè sì ti jáde, agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò tó rí ti dùn mọ́ ọn ju kó bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n wá ṣe.

"Ta ló ń yọ àwọn ìyá mi lẹ́nu? Wolé-wolé, mo bẹ̀ ọ́!"

"Mo... mo kọ̀," ni Abíọ́nà wí, ó ń wo ọ̀nà.

"Ó kọ̀! Ó dáa. Màá pe Kọmíṣọ́nnà, ọ̀rẹ́ mi."

Ó ṣí àgádágodo kékeré, ó fi àtàǹpàkò fò lórí àwọn nọ́ńbà láìkan ọ̀kan, ó gbé e sétí. Lábẹ́ aṣọ kan lẹ́bàá Ìyá Sàfúrátù, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí fóònù tí a kò tíì fi pe ẹnikẹ́ni: húùùùn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Kọmíṣọ́nnà. Josiah ni."

Húùùùn.

"Há há há! Ẹ̀yin náà ẹ máa ń ṣeré jù. Ìyàwó ńkọ́?"

Húùùùn.

"Sà? Ẹ ò gbà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú àwọn ìyá mi!" Ó ti ń fún ojú rẹ̀ pọ̀, ó ń wá omijé.

Ìyá Sàfúrátù sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń kí aláìsàn. "Olóyè, Kọmíṣọ́nnà yìí ń kùn o. Ṣé ara wọn ò yá ni?"

Ó ká aṣọ kúrò lórí rédíò.

"Kí nìyẹn?" ni Olóyè wí. "Kí nìyẹn?" ni rédíò náà wí, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gan-an.

Ó pa fóònù náà. Rédíò padà sí ariwo ṣàà rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ara rédíò sí ara ọ̀pá irin àgbàlá rẹ̀, mo sì rí i bí ọ̀rọ̀ inú ìwé tó fi di àkàrà ṣe yé e. Níbi tó dúró sí, fóònù náà dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbé e, Olóyè!" la fi igbe ta. "Kọmíṣọ́nnà lè ti gbà!"

Ẹlòmíràn ì bá jù ú sínú aró. Ṣùgbọ́n Ọláògún tí à ń wí yìí kò jẹ́ kí fóònù dún lójú èrò láìgbé e rí. Ó gbé e sétí, ó rọra ní, "Ẹ̀lóò?"

"Ọláògún!" ni Alhaji Láwàlì kígbe nínú rédíò. "Ṣé o ti sunkún tán? Tírélà mi ti kọjá Lafẹ́nwá o! Ṣé àwọn obìnrin yẹn ti kó ìkòkò wọn?"

Ariwo tó sọ ní Kémta lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ọ ní Owódé. Abíọ́nà sá, bọ́tìnì kákí ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Olóyè nawọ́ sí rédíò, ó ní ọ̀tá òun ló wà nínú rẹ̀, ó ká agbádá sókè, ó sá wọlé, ó ti géètì mọ́ra rẹ̀.

Kò pẹ́ tí tírélà fi dé. Dẹ́rẹ́bà yọrí síta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi. Ilẹ̀ tí Olóyè Ọláògún tà fún Alhaji ńkọ́?"

Ìyá Sàfúrátù ti lọ sí Mẹ́kà rí, kì í purọ́. "Ọmọ mi, ti aláró ni ibí yìí, bàbá rẹ̀ ló fún wa. Ilé Olóyè nìyẹn. Bó bá ní ohun tó tà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ."

Dẹ́rẹ́bà fọn fèrè títí, Olóyè kò yọjú. Àwọn tó ń já ẹrù kò lè dúró di alẹ́. Wọ́n to gbogbo sìmẹ́ńtì náà sẹ́nu géètì, ó kan òkè, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, òjò dé. Kì í ṣe àwa la pè é.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, sìmẹ́ńtì ti gan, géètì ti di ara àpáta. Kò sí ọ̀nà tí Olóyè lè gbà jáde mọ́, àfi kó gbé àkàbà ti ògiri ẹ̀yìn. A ń wò ó bí fìlà rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kan. Gbogbo àwọn aláró wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ kú ìgun-ògiri o, Olóyè!" ni wọ́n kí i.

Ọmọ Yorùbá ni, a kì í kí ni ká má dáhùn. "Ooo," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ o," ni Ìyá Sàfúrátù wí. "Ìkòkò wa wà nísàlẹ̀."

Ó rọra. Ó gbé agbádá dání, ó ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn ìkòkò, ó ń sọ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọjá." Títí wọ́n fi rí àwọn tó fi òòlù fọ́ sìmẹ́ńtì náà tán, ibẹ̀ ló ń gbà jáde, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé, kò sì kọjá lọ́jọ́ kan láì kọ́kọ́ tọrọ ọ̀nà.